Ojú Ìwé Mọ́kànlélógójì

Ojú ìwé mọ́kànlélógójì ni wọ́n pín fún mi.
Àárín gbólóhùn ló ti bẹ̀rẹ̀: "tí omi bá wọ abẹ́ àpáta náà,"
àárín òmíràn ló sì parí sí.
Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà náà.

Ìjọba fẹ́ sé odò wa, ní àfonífojì kan ní Jọ́jíà,
níbi tí yìnyín kì í tán lórí òkè títí di oṣù kẹfà.
Wọ́n ti kọ́kọ́ rán àwọn onímọ̀ wá,
wọ́n gbẹ́ ihò sínú ọgbà àjàrà Murman,
wọ́n jẹ búrẹ́dì wa, wọ́n mu wáìnì wa,
wọ́n bi àwọn àgbà pé ọdún wo ni òkè ya kẹ́yìn.
Ohun tí a sọ fún wọn ni wọ́n kọ.
Owó orí wa ni wọ́n fi ra tádàwà.
Ìwé parí, ìwé di ti ìjọba.

A kọ lẹ́tà. Wọn ò fèsì.
A kọ òmíràn. Wọ́n ní òfin kò kúkú dí wa lọ́wọ́:
ẹ̀dà kan ṣoṣo ń bẹ ní ọ́fíìsì kan ní Kutaisi,
ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan, aago mẹ́wàá sí méjìlá,
èèyàn mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Kò sí bírò. Kò sí fóònù.
Ẹ kà á, kí ẹ sì fi í sílẹ̀.

Tsiala, olùkọ́ ìṣirò, ló dìde:
"Wọ́n ní ká má mú bírò wọlé.
Wọn ò ní ká má gbé orí wọlé."

Ojú ìwé mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Ìṣẹ́gun mẹ́rìnlélógún.
Òru la fi ń wọ ọkọ̀, mẹ́rin mẹ́rin.
Nanuli, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ló gba ojú ìwé tó kún fún òǹkà;
àràárọ̀ ló ń pò wọ́n mọ́ ìyẹ̀fun kí wọ́n má bàa sá lọ.
Ojú ìwé ọgọ́ta, wọ́n ti fi tádàwà dúdú kùn ún látòkè délẹ̀.
Eteri ló bọ́ sí lọ́wọ́. Kò ní òun ò rí nǹkan kà.
Ó ka dúdú náà: ìlà mẹ́tàdínlógún, ìkejìlá ló gùn jù.

Ní tèmi, akọ̀wé tó ń ṣọ́ wa rí i pé ètè mi ń mì.
Ó wò mí. Ó wo aago ara ògiri.
"Aago yìí máa ń sáré jù," ló wí,
ó sì gun àga, ó dá ọwọ́ rẹ̀ padà sẹ́yìn.

Alẹ́ tí a tò ó pọ̀, kò sẹ́ni tó sùn.
A jókòó sórí àga àwọn ọmọ iléèwé.
Bí ẹnì kan ti ń dákẹ́ lẹnì kejì ń gba gbólóhùn lẹ́nu rẹ̀.
Ojú ìwé kẹjọ kò sí:
Besarion kú ní oṣù kejì, ó gbé e lọ.
Nígbà tó kan Eteri, ó dìde,
ó dákẹ́ fún ìlà mẹ́tàdínlógún.
A gbọ́ odò níta.

Èmi náà wá gbọ́ ohun tó ṣáájú mi, lẹ́nu Murman:
"Ilé ẹ̀kọ́ tó wà nísàlẹ̀ yóò bá a lọ,"
mo sì wí pé, "tí omi bá wọ abẹ́ àpáta náà."
Ilé ẹ̀kọ́ ọ̀hún la jókòó sí.

Ọdún méjì kọjá kí ìjọba tó tẹ ìwé náà jáde fún gbogbo ayé.
A gbé e kalẹ̀, a fi tiwa wé tiwọn.
Ọ̀rọ̀ kan péré ni kò bára mu.
Àwa ní, òkè yóò ya lulẹ̀.
Ìwé ní, òkè lè ya lulẹ̀.
Tsiala ní àwa la ṣì í.
Nanuli kò sọ nǹkan kan, ó ń gbọn ìyẹ̀fun ọwọ́ rẹ̀.

Ojú ìwé mi ni ọ̀rọ̀ yẹn wà.
Ìlà kẹsàn-án.
Mo mọ ohun tí mo kà.